Ibi Tí 0.9 Dúró Sí

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀yìn ìyá mi jẹ́ tèmi nìkan. Alùpùpù pupa kan ló ń gùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń ṣe tíṣà ní Kabba. Èmi á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, màá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e lẹ́yìn, màá sì máa gbóòórùn ọṣẹ àti ṣọ́ọ̀kì tó wà lára ẹ̀wù rẹ̀ títí a ó fi dé. Kò sí ohun tó wà láàárín wa. Èmi nìkan ni ọmọ tó bí. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé, mo sì gbà pé bí Ọlọ́run ṣe pín ìyá mi nìyẹn.

Àbúrò ìyá mi, tó ń dáko ní Òkè-Bùkún, ló mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìkórè iṣu, pé kí ó wá kàwé. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó kí wa bí wọ́n ṣe ń kí lọ́dọ̀ wa, ó ní, “Okun o,” ó sì rọra gbé iṣu tí wọ́n fi rán an sílẹ̀. Mo ti kórìíra rẹ̀ kí iṣu náà tó kan ilẹ̀. Ká ní ó ya ọ̀lẹ ni, tàbí ó ń tọ̀ sórí ẹní, ara ì bá tù mí. Ṣùgbọ́n ó ń fọ abọ́ láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó mọ ìṣirò débi pé kíláàsì mi ni wọ́n fi í sí, bẹ́ẹ̀ mo dàgbà jù ú lọ. Nígbà tí a fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ìyá mi ní kí ó jókòó síwájú mi nítorí pé òun ló kéré. Láti ọjọ́ náà, òórùn àdí inú irun ọmọ Òkè-Bùkún ni mo ń gbọ́ dé ilé ẹ̀kọ́.

Ohun mìíràn tún wà tó ń dùn mí. Tí a bá dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú, ìyá mi á rọra, á na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ọwọ́ náà á sì kan orúnkún mi. Mo gbà pé orúnkún ọmọ náà ló ń wá tí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣìnà dé ọ̀dọ̀ mi. Mo máa ń yí orúnkún mi kúrò.

Màmá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, rí i bí ojú mi ṣe ń le, ó ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Mo lọ wo àyà mi nínú dígí. Egungun ni mo rí lóòótọ́, àmọ́ egungun náà ti wà níbẹ̀ kí ọmọ Òkè-Bùkún tó dé.

Ní ọjọ́ kan, ìyá mi fẹ́ kọ́ wa ní nọ́ńbà oní-pọ́ìntì, àwọn tí kò tó odidi kan. Kò ya ìlà sójú pátákó. Ó kó wa jáde, ó so okùn gígùn kan mọ́ igi máńgòrò méjì, ó ní ìlà nọ́ńbà wa nìyẹn. Ó to páálí kéékèèké tó ti kọ nọ́ńbà sí lára sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí olúkúlùkù mú èyí tó wù ú, kí a sì lọ dúró sí àyè nọ́ńbà wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn. Òun fúnra rẹ̀ lọ dúró sí ìdí máńgòrò kan.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé lọ́jọ́ náà ni pé kí n dúró tì í. Mo sì mọ bí màá ṣe ṣe é. Nílé màmá àgbà, tí ẹran bá délẹ̀, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Tí wọ́n bá tẹ́ ẹní, ọmọ tó dàgbà jù ló ń jókòó ti àgbà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, ta ló sọ fún mi pé ilé àwọn nọ́ńbà ní àṣà tirẹ̀? Mo sáré mú 0.9, mo lọ dúró ti ìyá mi gbágbáágbá. Ọmọkùnrin kan tó mú 0.25 dé, ó ń tì mí, ó ní ẹ̀gbọ́n mẹ́sàn-án ni mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó kù díẹ̀ ká wọ̀yá ìjà. Ọmọ Òkè-Bùkún, tó ṣì ń ṣe bí àlejò, dúró kí gbogbo wa mú tán. 0.05 ló ṣẹ́kù fún un.

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ gbọ́, èmi ni òdo, máńgòrò kejì lọ́hùn-ún ni odidi kan. Ẹni tó bá kéré jù ló máa sún mọ́ mi. Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé pọ́ìntì.”

Ó wo páálí ọmọkùnrin náà, ó ní méjì ni tirẹ̀, kí ó sún díẹ̀ sọ́hùn-ún. Ó wo tèmi, ó ní, “Mẹ́sàn-án. Ìwọ, ó di ìdí máńgòrò kejì.” Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ọmọ Òkè-Bùkún, tí òdo tẹ̀ lé pọ́ìntì tirẹ̀, ó sì fà á mọ́ra.

Mo rìn lọ bí ẹni tí wọ́n lé nílùú, àwọn ẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín. Láti ìdí máńgòrò kejì, mo rí i tí ìyá mi tún kọ 0.01 sórí páálí tuntun fún ọmọ mìíràn, tó sì fi í sáàárín òun àti ọmọ Òkè-Bùkún. Mo ń retí kí inú bí i. Ńṣe ló sún díẹ̀, ó fún ẹni náà láyè.

Ìyá mi ní, “Ẹ wò ó, ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Bó ti wù kí nọ́ńbà kan sún mọ́ òdo tó, òmíràn ṣì lè wọ àárín wọn.”

Mo sọ lọ́kàn mi pé okùn lè láyè tó bẹ́ẹ̀, alùpùpù kò ní in.

Nígbà tí a délé, mo bi í. “Mọ́mì, ṣé òun lẹ máa fi ti ara yín títí ayé ni?”

Ó ní, “Ọmọ tó kéré la fi ń sáàárín kí ó má baà jábọ́. Ìwọ lo sì ń dì í mú. Ta ni kí n tún fi sẹ́yìn?”

Ọ̀rọ̀ gidi ni, mo mọ̀, àmọ́ kì í ṣe ìgbẹ́kẹ̀lé ni mo ń wá nígbà náà. Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo fẹ́.

Alùpùpù náà ti di irin àlòkù. Orúnkún ń dun ìyá mi báyìí, ọmọ Òkè-Bùkún sì ti di nọ́ọ̀sì, ó ti ra ọkọ̀. Lọ́dún Àjíǹde tó kọjá, ó fi ọkọ̀ náà gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi jókòó tì í níwájú, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ oògùn àti oúnjẹ, èmi nìkan wà lẹ́yìn. N kò ní parọ́, nǹkan àtijọ́ yẹn tún gbéra nínú mi, èmi àgbàlagbà tó ti bímọ. Mo ń wo ọrùn ìyá mi, mo ń rò ó pé ibi tí 0.9 ń dúró sí náà ni mo tún wà yìí.

A dé ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú. Ìyá mi kò wẹ̀yìn, kò dá ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dúró, ó kàn na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ọwọ́ náà ń wá nǹkan kiri. Ọmọ Òkè-Bùkún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú, ó ń wa ọkọ̀. Kò sí orúnkún ẹlòmíràn lẹ́yìn ọkọ̀ náà.

Mo sún tèmi síwájú.