Ìwé Tí Mo Kà Lódì fún Ìyá Àgbà

Ọdún tí ìjọba ológun tó pe ara rẹ̀ ní rẹfolúsíọ̀n ní kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe olùkọ́ fún ọdún kan kí a tó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ wa, Adja-Ouèrè, ìlú bàbá mi, ni wọ́n rán mi sí. Orí mi wú bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ìwé ìṣèlú mẹ́ta ló wà nínú àpò mi, mo sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́ mi pé Ọlọ́run kò sí.

Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni mo wọ̀ sí, ní abúlé kan lọ́nà Massè. Opó ni, onígbàgbọ́ ni, kò mọ̀wé. Mo kí i ní "ehuzu" bí a ti ń kí ara wa nígbà náà, mo sì ṣàlàyé fún un pé ó túmọ̀ sí pé ayé ti yí padà. Ó ní, "Orúnkún mi ò tíì gbọ́."

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ lọ́wọ́ mi: kí n máa ka Ìwé Mímọ́ fún òun ní ìrọ̀lẹ́ bí òun bá ń bó ẹ̀gẹ́. "Ọkọ mi, ohun tó wà níbẹ̀ ni kó o kà. Má bá mi tún un ṣe." Mo gbà.

Lọ́jọ́ kan, a dé ibi tí òùngbẹ ti ń gbẹ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù. Ọlọ́run ní kí wòlíì wọn bá àpáta sọ̀rọ̀, omi yóò jáde. Ìyá àgbà dá mi dúró: kí ni àpáta? Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, kí n tó rántí pé ilẹ̀ wa kò ní òkúta. Amọ̀ dúdú ni gbogbo rẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń mọ ààrò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á lanu débi pé ẹsẹ̀ ọmọdé lè wọ inú rẹ̀, àwọn obìnrin á sì rìn títí kí wọ́n tó rí omi pọn. Mo ní kó ronú ilẹ̀ yẹn, kó wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ń kà á lọ. Inú bí wòlíì sí àwọn ènìyàn náà. Dípò kó sọ̀rọ̀, ó fi ọ̀pá lu àpáta lẹ́ẹ̀mejì. Omi tú jáde, ènìyàn mu, ẹran ọ̀sìn mu. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ Ìyá àgbà. Ó wo ilẹ̀ iwájú rẹ̀ pẹ́. Ẹ̀rù tó bà á ba èmi náà, èmi tí mo ní kò sí Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni mo ka ìdájọ́: nítorí pé kò gbàgbọ́, tí kò ṣe bí a ti wí, kò ní wọ ilẹ̀ ìlérí.

"Nítorí lílù lásán?"

"Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ ni, Ìyá àgbà."

"Òótọ́ ni. Àìgbọràn àti àìgbàgbọ́, gbọ́ kan náà ló bí wọn." Ó wá sọ ohun tí n kò mọ̀ rí. Nígbà èwe rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ní kó fi ẹnu bá ìyàwó kékeré sọ ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn. Ọmọ odó ló mú, ó sì fi lù ú. Ìyàwó náà kó lọ sí Kpoulou, ó ti darúgbó síbẹ̀, wọn kò sì tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. "Bí irú ọkùnrin yẹn ò bá wọlé, èmi ńkọ́?"

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ṣí ìwé, á béèrè pé, "Ṣé ó ti wọlé?" Ó ń gbàdúrà fún un, ẹni tó ti kú kí wọ́n tó bí baba ńlá wa.

Ọjọ́ tí a dé ibi tí ìwé ti sọ òpin wòlíì náà, ojú mi sáré ṣáájú ẹnu mi. Mo rí i pé orí òkè ló kú sí. Mo wo arúgbó yìí, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì kà á pé Ọlọ́run forí jì í, ó sọdá odò, ó wọ ilẹ̀ náà. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Lákọ̀ọ́kọ́ o ní ó sọdá odò. Ní báyìí o ní wọ́n gbé e wọlé. Èmi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá ti kọ kì í yí padà. Ka ohun tó wà níbẹ̀."

Ojú tì mí, odindi olùkọ́. Mo kà á: Ọlọ́run mú un gun òkè, ó fi gbogbo ilẹ̀ náà hàn án, ó ní kò ní dé ibẹ̀. Ó kú, Ọlọ́run sì sin ín sí àfonífojì.

"Ta lo ní ó sin ín?"

"Ọlọ́run."

"Fúnra rẹ̀?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀. "Ó bínú sí i, kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, síbẹ̀ ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sin ín. Èyí lo fẹ́ fi pamọ́ fún mi."

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀kọ́ pé kò sí Ọlọ́run kò wá sí ẹnu mi. Ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ.

Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi, ó ní kí n mú òun lọ sí Kpoulou. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, mo sì rí ohun tí n kò rí rí: ìyálé kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó. Èkejì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó wọlé, kò ní kó dìde, àmọ́ kò kúrò níbẹ̀ títí Ìyá àgbà fi sọ̀rọ̀ tán. Lójú ọ̀nà, mo béèrè bó ti rí.

"Kò tíì gbà," ni Ìyá àgbà wí. "Ṣùgbọ́n ó gbọ́."