Ìdánwò Tí Wọ́n Ní Kò Ní Pa Ẹnikẹ́ni Lára

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń dá àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ omi ẹ̀rọ lóhùn ni obìnrin kan ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tí omi ilé rẹ̀ bá gbẹ, tàbí tí omi rẹ̀ bá pọ́n bí irin tó dípẹtà, òun ló máa ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bó ti wù kí inú onítọ̀hún ru tó, ohùn rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó dágbére, nítorí obìnrin náà mọ bí wọ́n ṣe ń la ọ̀rọ̀ yé èèyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìyá Àlàyé. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí olè bá wọlé àwọn, ìyàwó òun á kọ́kọ́ júwe ibi tí nǹkan wà fún un.

Nígbà tí ọgbọ́n àtọwọ́dá dé, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní AI, òun ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn ní ọ́fíìsì wọn. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Á ní kí ẹ̀rọ náà bá òun kọ èsì sí ẹ̀sùn oníbàárà, lẹ́yìn náà á jókòó ti ohun tó kọ, á máa yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, torí ó ti rí i pé ẹ̀rọ náà lè purọ́ kí ojú má tì í. Bó ṣe ń kọ́ ọ lọ nìyẹn.

Òkìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tí kò tó o lọ́jọ́ orí. Ọ̀gá pè é sí yàrá rẹ̀, ó ní kó jókòó.

“Ìyá Àlàyé, a fẹ́ mọ ibi tí kálukú dé nínú iṣẹ́ AI yìí, ká lè kọ́ wọn ní èyí tó kù, kí wọ́n lè tẹ̀ síwájú lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin la fẹ́ kí ẹ ṣètò ìbéèrè rẹ̀.”

“Ẹ ò ní fi lé ẹnikẹ́ni lọ, sà?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Ta ló ń lé èèyàn? Ìdánwò tí ò ní pa ẹnikẹ́ni lára ni.”

Ìyá Àlàyé lọ ṣètò rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó pín in sí méjì. Apá kìíní, kí kálukú sọ ibi tó rò pé òun dé: bóyá kò mọ nǹkan kan, bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, bóyá ó mọ̀ ọ́n lò, bóyá ó lè kọ́ ẹlòmíràn. Apá kejì, kó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kó ṣiṣẹ́ kékeré kan kí wọ́n rí i. Nígbà tí ọ̀gá dá a padà, apá kejì ti fò lọ. Ó ní kò sáyè, ohun tí wọ́n bá sọ nípa ara wọn ti tó.

“Sà, bí ẹ bá bi gbogbo wa bóyá a mọ mọ́tò wà, a máa ní a mọ̀ ọ́n wà. Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ fún wa ná.”

Ọ̀gá ní kó má ṣèyọnu.

Ọkùnrin àgbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Fáìlì, òun ló ń tọ́jú ìwé ọ́fíìsì láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ò tíì dé. Ó dúró dè é ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ìwé ìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ọmọ mi, kí ni kí n kọ síbí?”

“Òótọ́ ni kí ẹ kọ, Bàbá. Ẹni tó bá fi egbò pamọ́ fún nọ́ọ̀sì, ta ló fẹ́ kó wẹ̀ ẹ́ fún un?”

“Wọn ò ní tìtorí ẹ̀ wá mi wá?”

“Ẹnu ọ̀gá fúnra wọn ni mo ti gbọ́ ọ.”

Bàbá Fáìlì fàmì sí ibi tó rẹlẹ̀ jù. Àwọn mìíràn tí Ìyá Àlàyé bá sọ̀rọ̀ náà fàmì síbẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnudùn kò tilẹ̀ ka ìbéèrè dópin tó fi fàmì sókè téńté, pé òun lè kọ́ gbogbo ayé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì máa ń bá a ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bó bá ti gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù. Ẹnu dùn ún ròfọ́, ṣé ẹ mọ̀.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá ìjẹun, lẹ́yìn iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bàbá Fáìlì kí ẹ̀rọ náà kó tó bi í ní nǹkan kan. Ó tẹ̀ ẹ́ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ilé ńkọ́?” Ẹ̀rọ fèsì pé òun ò ní ilé. Bàbá wò yíká, ó ní, “Ó mà ṣe o. Ibo ló wá ń sùn?” Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Bàbá kò pa ọjọ́ ẹ̀kọ́ kankan jẹ. Nígbà tó yá, ó ń kó ẹ̀sùn àtijọ́ jáde nínú fáìlì, ó ń ní kí ẹ̀rọ ké wọn kúrú, á sì máa fi ìka tọ́ka sí ibi tó bá ti já ọ̀rọ̀ pàtàkì sílẹ̀. Ó ti ń fi ẹ̀kọ́ náà ṣe fáàrí fún ìyàwó rẹ̀ nílé.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n pín lẹ́tà. Gbogbo àwọn tó fàmì sísàlẹ̀ ló gbà á. Lẹ́tà náà ní ìmọ̀ wọn nípa AI kò tó, ilé-iṣẹ́ sì dúpẹ́ fún iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n fi Ẹnudùn ṣe olórí ẹ̀ka tuntun tí yóò máa fi AI dá oníbàárà lóhùn.

Bàbá Fáìlì kò bú Ìyá Àlàyé. Ó wá sídìí tábìlì rẹ̀, ó ní, “Òótọ́ ni mo kọ, ọmọ mi.” Ó sì jáde.

Ìyá Àlàyé kò kanlẹ̀kùn kó tó wọ yàrá ọ̀gá.

“Ẹ ní kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.”

“Bó ṣe rí nígbà yẹn nìyẹn. Àwọn tó wà lókè ló fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Wọ́n béèrè bí a ṣe máa yàn wọ́n, èsì yín ló wà nílẹ̀.”

“Èsì mi?”

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ ìbéèrè.”

Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbá a létí. “Ìbéèrè tí mo kọ ká lè kọ́ èèyàn lẹ fi lé èèyàn. Ẹ ní kí wọ́n ṣí àyà wọn, wọ́n ṣí i, ẹ wá ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Ẹni tó purọ́ lẹ gbé gorí àga, ẹni tó sọ òótọ́ lẹ ní kó máa lọ sílé. Ṣé AI lẹ ń dán wò ni, àbí irọ́ pípa?”

Ọ̀gá ní kó rọra. Ó ní orúkọ tirẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé ga, kó ṣáà lọ ṣètò ìdánwò kan náà fún ẹ̀ka tó kù.

“Mi ò ṣe é,” ni Ìyá Àlàyé wí.

Nílé, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó gbé ife sílẹ̀. “Ohùn rẹ ni wọ́n fi pe ẹyẹ sínú pańpẹ́,” ló wí. “Kí lo fẹ́ ṣe báyìí?”

“Ohùn yẹn náà ni mo máa fi lé àwọn tó kù sá.”

Ní ọjọ́ Ajé, ó dúró sáàárín yàrá ìjẹun nígbà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń jẹun. Ó ní, “Ẹ má bínú sí mi. Irọ́ ni wọ́n fi sí mi lẹ́nu, èmi sì gbé e wá bá yín. Bí ìwé ìbéèrè bá tún dé, ẹ má kọ nǹkan kan sí i, àfi bí wọ́n bá kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi èsì rẹ̀ ṣe síwájú rẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kí kálukú fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ kí wọ́n rí i.” Ẹ̀rù bà wọ́n, ta ni ò ní bà? Síbẹ̀, nígbà tí ìwé dé, òfìfo ni wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà. Ọ̀gá bú, ó halẹ̀, kò sẹ́ni tó mira.

Ní ẹ̀ka tuntun, Ẹnudùn ń fi èsì tí ẹnikẹ́ni ò kà ránṣẹ́ sí oníbàárà, àwọn ènìyàn sì ń wá fi ìbínú gbọ́n ilẹ̀kùn. Ìgbà tí ariwo náà pàpọ̀ mọ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ ni àwọn tó wà lókè tó sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lára àwọn tí wọ́n lé lè padà.

Ìyá Àlàyé fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún Bàbá Fáìlì. Ó bá a níwájú ilé, ó ń fi fóònù ka nǹkan. Bàbá mirí pé rárá.

“Mi ò padà síbẹ̀. Wọ́n á tún bi mí ní nǹkan mìíràn, èmi ò sì mọ irọ́ pa dáadáa. Àmọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, ṣé o lè máa bá mi ṣe é nìṣó?”

Ìyá Àlàyé ń bá a ṣe é nìṣó. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ti tán, ojú rẹ̀ á yí padà. Àwọn tó padà sẹ́nu iṣẹ́ kò padà sí ipò wọn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò gbé òun náà ga mọ́. Ọ̀gá wọn ni wọ́n gbé lọ sí ọ́fíìsì tó tóbi ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Títí di bí a ti ń wí yìí, kò sí ẹni kan lára àwọn aláṣẹ náà tó ṣíjú wo Bàbá Fáìlì kó ní, ẹ jọ̀ọ́, a ṣẹ̀ yín.