Ọkọ Mi Inú Ìwé

Mo rántí ìgbà tí ìwé kan tí èèpo rẹ̀ ti ya dànù mú kí gbogbo wa máa retí ọ̀sán bí ẹni ń retí ọdún, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Òde-Ayé. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù lọ́jà Okitipupa ni mo ti rà á. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ìtàn ayé àtijọ́ àwọn òyìnbó ni, nígbà tí ẹṣin ṣì ń fa ọkọ̀ wọn, tí fìtílà ń jó nínú ilé àwọn ọlọ́lá. Bàbá kan fi ọmọbìnrin rẹ̀ fún ọlọ́lá kan tó ń dá gbé ilé ńlá lórí òkè. Ọkùnrin náà rẹwà, ó lówó, ó mọ̀wà hù, àmọ́ kì í jẹun, kì í jáde lọ́sàn-án, ó sì ti lo igba ọdún láyé láìgbó. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni oúnjẹ rẹ̀.

Èmi nìkan ni mo ka ìwé mẹ́wàá nínú ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí náà èmi ni akàwé. Màá fi ojú ka Gẹ̀ẹ́sì, màá sì fi ẹnu sọ ọ́ ní èdè Ìkálẹ̀ wa, ọmọ mi oṣù mẹ́rin lẹ́yìn mi, ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ níbi máṣíìnì kejì, ọ̀gá wa lórí àga rẹ̀ tó ń gé aṣọ. Ìyá kan tún wà, ará etí omi, tó máa ń gbé ẹja gbígbẹ wá tà fún wa. Ó kọ́kọ́ ní òun fẹ́ sinmi ẹsẹ̀ díẹ̀ ni. Nígbà tó yá, tí mo bá ti ṣí ìwé láì tíì rí i, ọ̀gá á ní kí n dúró de ìyá ẹlẹ́ja.

Ohun tó kọ́kọ́ dá wa lágara ni orúkọ tí a ó máa pe ọkùnrin náà. Mo pè é ní àjẹ́. Ọ̀gá ní rárá, obìnrin ló ń jẹ́ àjẹ́, oṣó ni ọkùnrin. Ìyá ẹlẹ́ja ní kí a má purọ́ mọ́ oṣó, oṣó wo ló ń kanlẹ̀kùn? Nítorí pé nínú ìwé náà, ọkùnrin yìí kò lè wọ yàrá ìyàwó rẹ̀ àfi bí obìnrin náà bá ní kó wọlé. Bí a ò ṣe rí orúkọ fún un nìyẹn, tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọkọ mi. Kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ létí wa. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin tó bá wọlé ọkọ, gbogbo ọkùnrin tó bá níbẹ̀ ni ọkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì tí ikun ń yọ nímú rẹ̀ lè jẹ́ ọkọ ìyá arúgbó. A kàn fi òyìnbó náà kún wọn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé, ẹ gbọ́ bí àwọn èèyàn tí kò lè kà á ṣe ń ṣe ìdájọ́ ìwé.

“Ọkùnrin tí kì í jẹ pupurú, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?” ni ọ̀gá máa ń wí. “Báwo ni màá ṣe mọ ìgbà tí inú ń bí i? Tèmi, bó bá ti ṣẹ́ oúnjẹ kù, mo ti mọ̀.”

“Ẹni tí oòrùn ń pa,” ni ìyá ẹlẹ́ja á fi kún un. “Lọ́dọ̀ tiwa létí omi, ebi ì bá ti pa á kó tó rí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni mu.”

“Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀,” ni ẹlẹgbẹ́ mi máa dáhùn. “Ó jẹ́wọ́ ohun tó jẹ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin mélòó ló ń jẹ́wọ́ ní Òde-Ayé yìí?”

“Ó jẹ́wọ́ kó lè rí díẹ̀ mu níbẹ̀ ni,” ọ̀gá á ní, a ó sì rẹ́rìn-ín títí ọmọ ẹ̀yìn mi á fi jí.

Ní tèmi, kíkanlẹ̀kùn yẹn ló mú mi lọ́kàn. Mo rò pé mo mọ ìfẹ́ ju gbogbo wọn lọ, èmi ọmọ ọdún méjìlélógún, tí mo ń ronú nípa ọkùnrin inú ìwé tó ń kanlẹ̀kùn, nígbà tí ọkọ mi gan-an ń jí lọ síbi ẹ̀rọ tó fi ń fún epo kí ilẹ̀ tó mọ́, tó sì ń rọra ti ilẹ̀kùn kí èmi àti ọmọ má baà jí. Mo rí ti ẹni tó ń kàn án, mi ò rí ti ẹni tó ń rọra tì í. Ọdún yẹn ló ra ọkọ̀ àlòkù kan láti máa fi kó ẹyìn. Bó bá wá gbé wa ní ṣọ́ọ̀bù, òórùn epo á wà lára aṣọ rẹ̀, á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bi wọ́n léèrè pé, “Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ó ti jẹun lónìí?” Ọ̀gá á ní ó ti jẹun, ó tún béèrè èyí tó kù. Ó mọ ìwé náà, ó mọ eré wa. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn.

Nígbà tó yá, ìyá ẹlẹgbẹ́ mi ṣàìsàn ní Òde-Ìrèlè, ẹlẹgbẹ́ mi sì lọ tọ́jú rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ kí ìtàn náà kọjá òun. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti kà á tán, màá gba ohùn mi sílẹ̀ lórí fóònù, màá sì fi ránṣẹ́ sí i. Kí ó lè dùn, mo fi ara mi sípò ìyàwó inú ìwé. Ọjọ́ kan, a kan ibi tí ọmọ ọ̀dọ̀ kan ti sọnù nílé ńlá yẹn, tí ọkọ sì jẹ́wọ́. Ohun tí mo sọ kò ju báyìí lọ: “Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ti dé o. Ọkọ mi ló mu ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin tí wọ́n ń wá yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní kí n dákẹ́, màá sì dákẹ́, torí mo fẹ́ràn rẹ̀.” Mo wá rẹ́rìn-ín sí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ọmọbìnrin kan jáde nílé ní abúlé tó wà lẹ́yìn wa, kò sì padà. Gbogbo wa gbọ́, gbogbo wa káàánú ìyá rẹ̀. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti so ọ̀kan mọ́ èkejì. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni tèmi mú ọ̀ràn bá. Ẹlẹgbẹ́ mi ń gbọ́ ohùn náà nílé wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ń gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ pé ìwé kankan wà. Ẹni yẹn gbà á sórí fóònù tirẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì, ohùn mi ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn láti Òde-Ìrèlè dé Òde-Ayé. Wọ́n wá rántí ọkọ̀ tí ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, wọ́n ní owó ẹ̀jẹ̀ ni.

Ibi ẹ̀rọ epo rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti lọ mú un lówùúrọ̀, wọ́n fà á lọ síwájú ilé olóyè àgbà. Mo sáré débẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó jókòó sílẹ̀, epo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, àwọn kan sì ń nàka sí i pé ẹ ò rí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n tẹ ohùn mi kí gbogbo èèyàn gbọ́. Mo wólẹ̀, mo ní ìwé ni, ìtàn ni, ọkọ inú ìwé ni mò ń sọ.

Olóyè náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, “Ọmọ mi, ìwé náà dà?”

Ìwé náà wà nílé ọ̀gá mi. Ọjọ́ Sátidé ló ní òun ò lè dúró di Ọjọ́ Ajé mọ́, ó gbé e lọ kí ọmọ rẹ̀ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga lè kà á fún òun. Ọ̀gá wà láàárín èrò, nínú aṣọ ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ fún, torí ìpàdé ni wọ́n ti ń bọ̀. Mo nàka sí i. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ rẹ̀, títí kan ojú ìyàwó pásítọ̀ wọn.

“Aṣọ là ń rán ní ṣọ́ọ̀bù mi,” ó ní. “Mi ò mọ ìwé ẹlẹ́jẹ̀ kankan.”

Mo wo ìyá ẹlẹ́ja. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń to ẹja inú agbọ̀n rẹ̀, èyí tó ti tò tẹ́lẹ̀. Mo pe ẹlẹgbẹ́ mi, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ọkọ mi ò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Èmi ló ń wò.

Wọ́n ní kí ó wà nílé olóyè títí wọn yóò fi rí ọmọ náà. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọbìnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé láti Akótógbó, níbi tó ti lọ bá ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ò fẹ́. Wọ́n dá ọkọ mi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. Wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ta ẹyìn fún un mọ́, àwọn tó ń ra epo rẹ̀ ní àwọn ò mọ ohun tó fi pọ́n. Ó ta ẹ̀rọ, ó ta ọkọ̀. Kò lù mí, kò bú mi. Lówùúrọ̀ tó ń lọ sí Warri, ó ní, “Mo mọ̀ pé ìwé ni. Àmọ́ ẹnu rẹ ni wọ́n fi gbá mi mú.”

Ó ti lọ tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀gá tó wá sílé mi. Ó fi ìwé ìròyìn wé nǹkan kan, ó gbé e fún mi, kò jókòó. Ó ní, “Mi ò lè sọ ọ́ níwájú wọn. Ìwọ náà mọ̀.” Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ pé, “Ìparí rẹ̀ dùn o.” Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, mà.

Ọmọ mi ti pé ọdún márùn-ún báyìí. Okitipupa là ń gbé, mo ń rán aṣọ iléèwé àwọn ọmọdé, mi ò sì gba ọmọṣẹ́ kankan. Ó pẹ́ tí mo fi ń di ẹ̀bi ru ìlú, mo dì í ru ọ̀gá, mo dì í ru ẹlẹgbẹ́ mi tó pa fóònù. Wọ́n jẹ̀bi lóòótọ́, mi ò ní sọ pé wọn ò jẹ̀bi kí ọ̀rọ̀ mi lè dà bí ti ẹni tó ti dárí jì wọ́n. Àmọ́ ọkùnrin kan wà nílé mi nígbà náà tó ń ṣe jẹ́jẹ́, tí mi ò sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìgbà kan ṣoṣo tí ìlú gbọ́ tí mo ní mo fẹ́ràn ọkọ mi, kì í ṣe òun ni mò ń sọ.

Ó máa ń pè lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí mo bá gbé e, tí mo kí i, á dáhùn dáadáa, á sì ní, “Fún ọmọ ní fóònù.” Màá fún un. Màá wá fa àga mi súnmọ́ ọn díẹ̀, màá ṣe bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, kí n lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀ títí wọn yóò fi sọ̀rọ̀ tán.