Ẹyẹ Ló Kọ́kọ́ Rí I

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ìlú òyìnbó dé sí Ìjẹ̀bú-Òde, tó sì gbé ẹ̀rọ géèmù kan dání tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Géèmù ìbọn ni. Ẹni méjì ló ń ta á: oníkálukú ní ọdẹ tirẹ̀ nínú igbó kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ yìnbọn ba ẹnì kejì lẹ́ẹ̀marùn-ún ló borí. Àgbọ̀nrín ń rìn kiri níbẹ̀, ẹyẹ funfun sì bà sórí igi. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi nà mí. Bó bá ti borí, á ní, “Eré ọkùnrin nìyí.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, torí obìnrin ni mí. Mo pinnu pé kò ní padà láìjẹ́ pé mo nà án.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, bàbá àgbà wa, tó jẹ́ ọdẹ ní Ìbẹ̀fún, wá kí wa. Wọ́n wo eré náà títí. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi jáde, wọ́n pè mí.

“Ṣé o rí àwọn ẹyẹ yẹn?”

“Ọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Bàbá.”

“Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Nígbà tí wọ́n fò lórí igi ọwọ́ òsì, ibo ni ẹ̀gbọ́n rẹ gbà yọ sí ọ?”

Mo ronú. “Ọwọ́ òsì náà ni, sà.”

“Ẹyẹ ló kọ́kọ́ rí i. Ìwọ ni o ò wò.”

Ìsinmi ni ilé ìwé wa wà. Mo bẹ̀ wọ́n, mo sì tẹ̀lé wọn lọ sí Ìbẹ̀fún. Láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni a jókòó ti igi wíwó kan, a ò sọ̀rọ̀. Èèrà ta mí lẹ́sẹ̀, mi ò mira. Àparò kan fò ṣàà láti inú koríko. Kò pẹ́, obìnrin kan tó ru gbágùúdá yọ níbẹ̀.

Nígbà tí mo délé, a tún jókòó ti géèmù náà. Mo fi ọdẹ tèmi sẹ́yìn igi, mo dúró.

“Ṣé ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́ ni?” ẹ̀gbọ́n mi bèèrè.

“Ẹ máa ta tiyín, bọ̀ọ̀dá.”

Ẹyẹ fò lọ́tùn-ún. Mo yíjú, mo yìnbọn bà á. A bá a lọ títí a fi di mẹ́rin sí mẹ́rin. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹyẹ kankan ò fò, ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ṣàdédé ṣẹ́rí padà. Mo yìnbọn sí ibi tó sá fún. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi wà.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Ó ní, “Kí lo rí tí mi ò rí?”

Mo sọ fún un. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwa méjèèjì la jọ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbẹ̀fún.