Bí Jẹ́-n-san-án Ṣe Kó Owó Etí Jọ

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló mọ. Lẹ́nu iṣẹ́, nínú ọkọ̀, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, Jẹ́-n-san-án ni gbogbo ayé ń pè é. Táìlì ló ń tẹ́. Bó bá kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tuntun, tó ń fi òòlù onírọ́bà kan táìlì jẹ́jẹ́, tó sì ń tẹ́tí sílẹ̀ bóyá abẹ́ rẹ̀ ṣófo, ẹ ó rò pé dókítà ló ń yẹ àyà aláìsàn wò. Ilẹ̀ tó bá tẹ́, bẹ́ ẹ gbé ẹyin lé e, kò ní yí. Àmọ́ bí ọwọ́ náà ṣe dá ṣáká lórí táìlì tó, bẹ́ẹ̀ ló ń jò tó bó bá kan ọ̀rọ̀ owó. Bí àwọn márùn-ún bá jókòó jẹun ọ̀sán, kí olóúnjẹ tó la ẹnu béèrè owó, òun á ti na ọwọ́ sápò: “Jẹ́ n san án.” Bí èrò kan bá ń wá ṣẹ́ńjì nínú ọkọ̀, òun náà ni. Ibi tí orúkọ náà ti wá nìyẹn.

Kì í ṣe ọ̀mùtí, kì í ta tẹ́tẹ́. Owó ni kì í sùn mọ́jú lápò rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó iṣẹ́ fún un, ẹ̀rín á kún ilé. Bó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, ìyàwó rẹ̀ á ti máa da ìgò òróró dojú kọlẹ̀ kí èyí tó kù nídìí rẹ̀ lè ro sílẹ̀. Onídìrí ni ìyàwó náà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń balẹ̀ bó bá sọ ọ́. Owó tó ń rí nídìí irun ló fi ń dí ihò tí ọkọ rẹ̀ ń lu. Síbẹ̀, kò sí ọdún tí wọn kì í yáwó kún owó ilé.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin. Ìyá-mi ni bàbá rẹ̀ ń pè é, torí pé ó jọ ìyá tó bí bàbá náà bí ìgbà tí wọ́n la wọ́n sí méjì. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín pé ìwà rẹ̀ tutù. Nígbà tó di ọmọ ọdún méje, tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pe tọkọtaya náà, ó ní kí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ń kun àwòrán, ó kẹ̀yìn sí wọn. Tíṣà pe orúkọ rẹ̀, ó tún un pè, lẹ́yìn náà ó pàtẹ́wọ́ gbàgà. Gbogbo kíláàsì bojú wẹ̀yìn. Ìyá-mi ń kun àwòrán rẹ̀ lọ. Tíṣà wá ṣàlàyé fún wọn pé ètè òun ni ọmọ yìí ń wò tó fi ń mọ ohun tí òun ń sọ, àti pé bí òun bá ti kọjú sí pátákó báyìí, ó ti bọ́ nínú ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Dókítà etí nílé ìwòsàn yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní etí méjèèjì ló wúwo. Kò sí oògùn tó lè là á, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kéékèèké méjì kan wà tí wọ́n ń fi kọ́ etí, bí wọ́n bá fi wọ̀ ọ́, yóò gbọ́. Ó sọ iye tí wọ́n ń tà á. Owó ilé wọn fún ọdún méjì gbáko ni. Kí wọ́n tiẹ̀ tó dá a lóhùn, ọwọ́ Jẹ́-n-san-án ti wọnú àpò láìmọ̀. Owó ọkọ̀ tí wọn yóò wọ̀ padà sílé ló bá níbẹ̀.

Nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyàwó rẹ̀ ń fi ìka ṣírò owó títí wọ́n fi délé.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀ gbé páálí bàtà kan ka orí tábìlì. Àpò lẹ́tà ló wà nínú rẹ̀, tuntun, tó ti fi bírò aláwọ̀ búlúù kọ nǹkan sí lára: Owó Ilé, Oúnjẹ, Iná àti Omi, Ọkọ̀, Ilé Ìwé, Etí. Oníbàárà rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ló sọ fún un, nígbà tó ń dirun fún un, pé bí àwọn ṣe ń ṣe é nílé àwọn nìyẹn. Owó yòówù kó wọlé, ti táìlì tàbí ti irun, ọjọ́ náà gan-an ni wọn yóò pín in sínú àwọn àpò yìí. Èyí tó bá tán, ó tán, ó di ìgbà tí owó mìíràn bá wọlé. Bí ọ̀kan yóò bá yá èkejì, àfi kí àwọn méjèèjì jọ jókòó fẹnu kò. Ṣùgbọ́n ti Etí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, bí ẹnu àwọn méjèèjì tilẹ̀ kò.

Ara ta Jẹ́-n-san-án. Ó bi í pé ṣé ọmọdé lòun wá dà nínú ilé òun, tí wọn yóò máa ṣírò owó lé òun lọ́wọ́.

Ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. “Ẹ kì í ṣe ọmọdé,” ló wí. “Ẹ ti sanwó oúnjẹ fún gbogbo àdúgbò yìí. Etí ọmọ yín nìkan lẹ ò tíì san.”

Ọkùnrin náà jókòó. Ó wo páálí yẹn títí. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé, ó mú àpò kan tó ti fi pa mọ́ sábẹ́ aṣọ tábìlì jáde. Jẹ́-n-san-án ló kọ sí i lára. Ó ní òun kò fẹ́ kó di ahun, torí ìwà ọ̀làwọ́ yẹn wà lára ohun tí òun rí tí òun fi fẹ́ ẹ. Kó ṣáà jẹ́ kí inú rere náà ní ìwọ̀n.

Oṣù àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré ni àpò Jẹ́-n-san-án fi gbẹ. Ní ọjọ́ kẹrin, àwọn òṣìṣẹ́ jẹun tán, gbogbo wọn ń wo ojú rẹ̀ bí ẹní ń retí ọkọ̀. Ó wúkọ́. Ó ní àpò òun ti gbẹ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Ìgbà tí wọ́n rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ọ̀kan pè é ní ahun, òmíràn ní ìyàwó rẹ̀ ti ń wọ ṣòkòtò nílé. Bírikìlà kan wà láàárín wọn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń kọ́ṣẹ́. Òun kò dá sí i. Ó jẹ èyí tó kù nínú abọ́ rẹ̀ tán, ó dìde, ó sì san ti àwọn méjèèjì.

“Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń jẹun rẹ,” ni bírikìlà wí. “Jókòó. Tòní, tèmi ni.”

Jẹ́-n-san-án kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Àmọ́ nígbà tó padà sídìí táìlì rẹ̀, ara rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà tó há.

Láti ìgbà náà lojú rẹ̀ ti ń là. Ó wá mọ̀ pé búrẹ́dì tí òun máa ń ya rà bí òun bá ń bọ̀ nílé, bí wọ́n bá ro ó pọ̀ lóṣù, ó ju owó iná lọ. Ìyàwó rẹ̀ àti ará yàrá kejì jọ dáwó ra kẹ́ẹ̀gì òróró kan, wọ́n pín in sínú ìgò. Bí wọ́n bá san owó iṣẹ́ ńlá fún un, kì í yà síbì kankan mọ́. Orí tábìlì ló ń gbé e lọ tààrà, eruku sìmẹ́ńtì á ṣì wà ní irunmú rẹ̀, òun àtìyàwó á sì jọ pín in. Ní òpin oṣù kẹta, ó tú àpò Oúnjẹ wò, owó ṣì wà níbẹ̀. Owó kékeré ni, ó ti rún jágajàga, ṣùgbọ́n ó bá òpin oṣù láàyè. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ilé yẹn. Ó pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó, bí ẹní pe èèyàn wá wo ọmọ tuntun.

Ìyá-mi náà mọ ti páálí yẹn. Ó ti ya àwòrán etí ńlá kan sára àpò tirẹ̀, ó sì fi yẹtí sí i.

Ní oṣù keje ni òjò dé, ó sì rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Ọkọ̀ tó ń kó táìlì kò lè wọ ojú ọ̀nà, àwọn onílé dá iṣẹ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, Jẹ́-n-san-án kò rí táìlì kan kàn. Àpò Oúnjẹ ku ṣílè díẹ̀. Àpò Etí nìkan ló sanra. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó dá wà nílé, ó ṣí páálí, ó mú un dání. Ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni, òun á dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ibẹ̀ ni Ìyá-mi ti wọlé láti ilé ìwé, omi ń ro lára rẹ̀. Ó rí àpò rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó fi ohùn gooro rẹ̀ yẹn, ohùn ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀, béèrè pé:

“Ṣé ẹ ti tún fi kún un ni?”

 Bàbá dá àpò náà padà, ó de páálí, ó wọ bàtà, ó sì jáde sínú òjò. Ọkùnrin yìí kì í gba iṣẹ́ àtúnṣe tẹ́lẹ̀. Ó máa ń sọ pé ẹni tó ń tẹ́ odindi ilé kò ní lọ máa lẹ táìlì méjì nílé ìwẹ̀ ẹnì kan. Lọ́jọ́ náà, ó kan ilẹ̀kùn kiri. Ó bi wọ́n bóyá táìlì wọn kan ti sán, bóyá ọ̀kan ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Méjì níbí, mẹ́rin lọ́hùn-ún, kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti rí owó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin. Òjò náà dá níkẹyìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àtúnṣe kò dá mọ́. Àwọn onílé ń júwe rẹ̀ fún ara wọn, ó wá di pé bí iṣẹ́ ńlá bá dúró, èyí kì í dúró.

Ní oṣù kọkànlá, owó Etí pé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ aṣọ tó dáa, wọ́n lọ sílé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni obìnrin tó ń gbowó ti fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún wọn pé wọ́n ti fowó kún un láti oṣù tó kọjá. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ló fi gbówó lórí. Ìyàwó onítáìlì fọwọ́ di etí tábìlì mú. Ó ti ń mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa lọ nígbà tí ọkọ rẹ̀ mú àpò lẹ́tà mìíràn jáde látinú àyà ẹ̀wù rẹ̀. Jẹ́-n-san-án ló wà lára rẹ̀. Láti ìgbà tí òjò yẹn ti dá, ìlàjì rẹ̀ ló ń ná. Ó ń fi ìyókù sílẹ̀ síbẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kà á. Ó dí àlàfo náà, ó sì ṣẹ́ owó ọkọ̀ kù.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó tún un wò. “Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?” ló bi í.

“Èmi àtìwọ ni,” lọkọ rẹ̀ dáhùn.

Dókítà fi ẹ̀rọ náà kọ́ etí ọmọ, ó yí i díẹ̀, ó rìn lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ìwé bo ẹnu ara rẹ̀, ó sì béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọmọ ọdún mélòó ni.

Ìyá-mi yí padà bìrí. “Mẹ́jọ,” ló wí. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀, torí ó gbọ́ ọ.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ lọ sílé, kò sí ohun tí kò bi wọ́n pé kí ló ń dún: ilẹ̀kùn ọkọ̀, bébà tó ń dún wóróworo nínú báàgì ìyá rẹ̀, èémí ọkùnrin àgbà kan tó sùn lọ. Ayọ̀ gba Jẹ́-n-san-án lọ́kàn, kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn.

“Bàbá mi, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń kọrin láti ọjọ́ yìí?”

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ náà rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní kò burú, pé ó ṣì lè mọ́ òun lára. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, gbogbo èrò tó wà nítòsí sì bá a rín in.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n san owó ilé pé pérépéré, láìyá kọ́bọ̀. Onílé kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wo ojú wọn bíi pé wọ́n ṣi ilé wọ̀. Àwọn tọkọtaya sì fi àpò tuntun fún ẹ̀rọ etí náà kún èyí tó wà nínú páálí: Bátìrì.

Ṣùgbọ́n eré tí Ìyá-mi fẹ́ràn jù lẹ́yìn ìgbà náà kò ná wọn lówó rárá. Yóò lọ sí yàrá, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò pe bàbá rẹ̀. Bàbá yóò jẹ́ ẹ láti pálọ̀. Òun náà yóò pe ọmọ, ọmọ yóò sì jẹ́ ẹ. Wọn kò ní í rí ara wọn. Ìyá yóò ké sí wọn pé tíì ti ń tutù, wọn yóò ní àwọn ti gbọ́, wọn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.