Iná Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Bàbá Mi

Bàbá mi kì í fi nǹkan sílẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é. Rédíò tí wọ́n bá rà lónìí, kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, wọ́n á ti tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Aago ara ògiri wa ń sáré ju ti gbogbo Ìlọ́bù lọ, fáànù wa sì ní ìgbà tó bá wù ú tó ń yí. Fíṣíìsì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, títí kan màmá mi. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo ti ibi iṣẹ́ dé tí mo bá wọn lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ wọn, tí wọ́n ń tú iná ẹ̀yìn, kò yà mí lẹ́nu. Inú ló bí mi.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni iná yẹn fi ṣe yín?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí. Ìyá rẹ ni kò rí i mọ́."

Mo gbé àpò mi wọlé.

Ọmọ Ìfọ́n ni màmá mi, ọmọ Ìlọ́bù ni bàbá mi. Ẹni tó bá mọ ìlú méjèèjì mọ̀ pé wọn kò jìnnà síra. Ẹni tó bá ń dín àkàrà ní ọ̀kan, òórùn rẹ̀ á dé èkejì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wà láàárín wọn ti pẹ́, kò sì tíì tán nílẹ̀. Nígbà tí ìjà náà tún bẹ́ sílẹ̀, Ìfọ́n ló bá màmá mi. Wọ́n lọ tọ́jú ìyá wọn tí kò lè dìde nílẹ̀ mọ́. Ọ̀nà dí. Ilé jó níhìn-ín, ilé jó lọ́hùn-ún, ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé.

Nígbà tí ara rọlẹ̀ díẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kí màmá mi má padà sílé ọkọ wọn. Àmọ́ ilé àbúrò bàbá mi wà lára àwọn tó jó, láti ìgbà náà, tí màmá mi bá kí àbúrò náà lórí fóònù, kì í dáhùn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Màmá mi ní àwọn á dúró ti ìyá àwọn ná.

"Ná" yẹn ló gùn tó báyìí. Kì í ṣe pé wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀. Bàbá mi kàn wá di ẹni tó ń lọ kí ìyàwó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọge. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí wọ́n fi lọ́fínńdà pa ara kí wọ́n tó jáde. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé, tí mo rí àgbàlagbà tó ń gbé abọ́ ọbẹ̀ bọ̀ láti ilé àna rẹ̀, ńṣe ni mo máa ń wọ yàrá lọ kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Bàbá mi gbọ́dọ̀ kúrò ní Ìfọ́n kí àkókò kónílé-ó-gbélé tó tó. Màmá mi á sìn wọ́n dé etí títì, wọn kì í sì í kúrò níbẹ̀ títí ọkọ̀ á fi kọjá igi tí àwọn ṣọ́jà fi dábùú ọ̀nà láàárín ìlú méjèèjì. Ní agboolé màmá mi, wọn kì í kẹ́yìn sí ẹni tí wọ́n bá ń sìn, àfi tí ojú kò bá rí i mọ́. Òkú nìkan ni wọ́n ń kẹ́yìn sí, tí wọ́n bá ti bò ó tán. Ẹ̀rù sì tún wà níbẹ̀. Nígbà yẹn, ẹni tó jáde ní ìlú kan, kò dá a lójú pé òun á dé èkejì. Fóònù wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè pọ̀ lónìí kó má sí lọ́la. Iná pupa méjì ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ni màmá mi gbà gbọ́. Tó bá dúró lọ́dọ̀ àwọn ṣọ́jà, tó sì tún gbéra, wọ́n á ní "Olúwa, ẹ ṣeun", wọ́n á wọlé.

Àìsàn tí wọ́n ń pè ní gìlókómà ló wà lójú màmá mi. Dókítà tó ń tọ́jú wọn ní Òṣogbo ti sọ fún wa pé èyí tó ti lọ lára ìríran náà ti lọ. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú, kí ìyókù má baà lọ ni. Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, màmá mi sọ fún bàbá mi, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíì, pé iná ọkọ̀ wọn ti ń pòórá mọ́ àwọn lójú kó tó dé ibi igi. Bàbá mi dé sílé, wọ́n ṣí àpótí irinṣẹ́ wọn.

Ẹ ò rí bí ọkùnrin ṣe ń ṣe nǹkan? Ojú ló ń ṣàìsàn, ọkọ̀ ni wọ́n ń tọ́jú.

Nǹkan tí ilé-iṣẹ́ fi lẹ ike pupa ojú iná náà mọ́ ìdí rẹ̀ le púpọ̀. Àfi kí èèyàn fi ooru rọ̀ ọ́ kó tó lè ṣí i. Bàbá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ẹni tó ń fi ààrò alámọ̀ yan búrẹ́dì, wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn fi í sínú ààrò nígbà tí búrẹ́dì bá jáde tán, tí ooru bá ti lọ sílẹ̀.

"Tíṣà, ṣé ẹ ò ní ní ká fi tíì sin iná ọkọ̀ báyìí?"

Ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ó tì í sínú ààrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń yan búrẹ́dì láti kékeré, kò lè rí nǹkan nínú ààrò tútù kó má káàánú rẹ̀. Bí a ṣe yíjú báyìí, ó ti da èèpo ẹkùrọ́ sídìí iná ààrò. Nígbà tí a máa fi yọ ọ́, ike náà ti wó mọ́lẹ̀, ó ti di pẹlẹbẹ. Ìyá oníbúrẹ́dì ní òun rò pé kò tíì jinná ni. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ nílé wa.

Wọ́n lọ sí Òṣogbo, wọ́n ra tòkunbọ̀ mìíràn, wọ́n sì dúró ti ààrò fúnra wọn. Ó ṣí. Wọ́n yọ gílóòbù inú rẹ̀, wọ́n wá gé okùn iná pupa, irú èyí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń so yí fèrèsé wọn ká, wọ́n tò ó sínú ibẹ̀ ní ìlà-ìlà, wọ́n fi òjé jó o mọ́ra. Èmi ni mo ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i, mò ń kùn.

"Bàbá, wọ́n á mú yín lójú títì o. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Ilé-iṣẹ́ ò mọ ìyá rẹ."

Nígbà tí wọ́n dè é padà, tí wọ́n tàn án, gbogbo ògiri ẹ̀yìn ilé wa pọ́n. Èmi náà gbà pé kò sí ojú tí kò ní rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, a jọ lọ sí Ìfọ́n. Èmi máa sùn síbẹ̀ nítorí ìyá àgbà, bàbá mi nìkan ló ń padà. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n tan iná náà. Àwọn tó ń kọjá lọ ń bojú wẹ̀yìn. Mo dúró síwájú màmá mi díẹ̀, mò ń wo iná náà bó ṣe ń lọ, inú mi dùn débi pé mo pariwo.

"Màmá, ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i! Há, ó mà mọ́lẹ̀ o! Ó dàárọ̀ o, Tíṣà! Ẹ ṣeun o!"

Mo yíjú sí wọn ká lè jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí ọ̀nà Ìlọ́bù. Iná pupa tó wà lójú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan lápá kejì ni wọ́n kọjú sí, tí wọ́n ń juwọ́ sí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí tayọ̀tayọ̀.

Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, ọkọ̀ ti dúró, ó ti ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀. Bàbá mi ti rí wọn nínú díńgí. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wá dúró síwájú màmá mi.

"Ìyá wọn, ẹ̀yìn lo kọ sí mi."

Ọwọ́ tí màmá mi gbé sókè rọra wálẹ̀.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo sọ fún yín. Ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé iná tí mo bá ṣáà rí ni mò ń juwọ́ sí."

Èmi sunkún, mi ò fi pa mọ́. Inú ń bí mi sí ojú yẹn, inú ń bí mi sí ilẹ̀ tí wọ́n ń jà lé lórí, sí ẹni tí kò dáhùn ìkíni lórí fóònù. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí mo lè nà.

Màmá mi ní kí n mú àwọn dé ìdí iná náà. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e, wọ́n fi ọwọ́ wá gbogbo ojú rẹ̀.

"Ẹ ṣe é dáadáa. Ó ń dán." Wọ́n tún tẹ ọwọ́ mọ́ ọn. "Ṣùgbọ́n ó tutù."

"Irú iná yìí kì í gbóná," bàbá mi sọ, bí ẹni wà ní kíláàsì.

"Ti àtijọ́ máa ń gbóná. Tí mo bá ń ti bùùtù, mo máa ń fọwọ́ kàn án."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi tún gbé iná náà lọ sí ààrò, wọ́n tú gbogbo iṣẹ́ wọn dànù, wọ́n dá gílóòbù ilé-iṣẹ́ padà síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dágbére nìyí báyìí: bàbá mi á jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, wọn kò ní gbé ẹsẹ̀ kúrò títí ojú iná náà á fi gbóná. Lọ́jọ́ tí mo bá sùn sí Ìfọ́n, èmi á mú màmá mi débẹ̀, wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Tó bá yá, ọkọ̀ á gbéra lábẹ́ ọwọ́ wọn.

Tí mo bá fẹ́ di ọwọ́ yẹn mú ká máa wọlé, wọn kì í fún mi. Èkejì ni wọ́n ń nà sí mi. Wọ́n á ká ìka èyí tí wọ́n fi kan iná pọ̀, wọ́n á fi sí àyà, a ó jọ dúró síbẹ̀ títí á fi tutù. Ìgbà náà ni wọ́n á tó ní, "Tíṣà á ti kọjá igi báyìí."