Ohùn Ta Ni Mo Gbọ́ Lẹ́nu Ara Mi

Mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Fìdítì, mò ń bó ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe gàrí, nígbà tí ọmọ mi obìnrin sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà ni ní Ọ̀yọ́, kì í sì í wá láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta láìpè mí ṣáájú. Kò tilẹ̀ kúnlẹ̀ tán tó fi ní, “Màámi, wọ́n ti rí i.”

Mo ní kí ni wọ́n rí.

Ó ní, “Fíìmù yín. Ẹnìkan bá a nínú àpótí bàbá rẹ̀ tó ti kú, ó sì ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó wà nínú fóònù mi báyìí.”

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí ọ̀bẹ fi bọ́, ẹ ní láti mọ̀ pé n kò ní ohùn. Ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọmọ ọdún méjì nígbà tí gẹ̀gẹ̀ yọ sí mi lọ́rùn, tó wú débi pé n kò lè mí dáadáa mọ́. Dókítà sọ fún mi ṣáájú pé bí òun bá gé e, ohùn lè bá a lọ. Mo ní kó gé e. Gẹ̀gẹ̀ lọ, ohùn tẹ̀lé e. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tó kù ni mo fi ń sọ̀rọ̀ títí di òní, tí àwọn ọlọ́kadà fi máa ń tẹ orí wá bí ẹni pé mo fẹ́ fi àṣírí kan tó wọn létí, bẹ́ẹ̀ ọjà lásán ni mo ní kí wọ́n gbé mi lọ.

Ọmọ mi kò rántí ohùn mi. Òótọ́ ni pé ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ohun tó gbọ́ ní ọmọ ọdún méjì? Láti kékeré ló ti ń bi mí pé, “Màámi, báwo ni ohùn yín ṣe rí?” N ó ní ó dùn. Yóò ní, dídùn bíi ti ta ni? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń tán lẹ́nu mi. Bó bá bi àwọn ará àdúgbò, wọ́n á ní kó má ṣèyọnu, ohùn ìyá rẹ̀ wà nínú fíìmù. Fíìmù náà sì ti di àwátì. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló ní láyé, ẹni tó ni kámẹ́rà ló sì gbé e lọ nígbà tí òun àti ọ̀gá ẹgbẹ́ òṣèré wa jà. Ó lé ní ogójì ọdún tí ọmọ mi ti ń wá ohùn ìyá rẹ̀ kiri bí ẹni ń wá ewúrẹ́ tó já.

Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí nígbà tí mo wọ ẹgbẹ́ òṣèré. Wọ́n wá ṣeré nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé wa, mo wò ó, mo sì lọ bá ọ̀gá wọn lọ́jọ́ kejì pé mo fẹ́ bá wọn lọ. Bàbá mi, tó ń gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ní òun kò bí alárìnkiri. Mo lọ náà ni. Olórí kunkun ni mí, wọn kò purọ́ mọ́ mi.

Nínú ẹgbẹ́ wa, kò sí ìwé tí a kọ ọ̀rọ̀ eré sí. Ẹni tó bá ti ṣe ipò kan rí ni yóò jókòó tì ọ́, yóò máa sọ ọ́, ìwọ náà á máa sọ ọ́ tẹ̀lé e, títí yóò fi bá ọ lára mu. Ìyàwó àgbà Ọ̀gá ló kọ́ mi ní ipò opó. Òun ló dá ipò yẹn sílẹ̀, òun ló sì ń ṣe é kí n tó dé. Nígbà tó ṣe, Ọ̀gá fẹ́ èmi náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà náà nìyẹn: obìnrin tó bá mọ eré ṣe, ọ̀gá ẹgbẹ́ á fẹ́ ẹ, kí ẹlòmíràn má baà fẹ́ ẹ lọ, kí àwọn òbí rẹ̀ sì má baà sọ pé ó ń rìn kiri láìní ọkọ. Bí olùkọ́ mi ṣe di ìyáálé mi nìyẹn.

Nínú eré náà, wọ́n máa ń lé opó yìí jáde nílé ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò wo àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì wí pé, “Ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi rẹ́, ẹ̀yin lẹ wá ń lé mi jáde níbẹ̀?” Ẹkún ni ìyáálé mi máa ń sun bó bá débẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe kọ́ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí a ṣeré ní Akínmọ̀rìn, mo débẹ̀, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. N kò gbèrò rẹ̀ rárá. Ìyá kan tó jókòó níwájú fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rín ni mo ń rín níbẹ̀. Ìyáálé mi kàn ń wò mí láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé.

Nígbà tí fíìmù gbòde, Ọ̀gá ní àwa náà á ṣe tiwa. Ìlọrà ni a ti yà á, nínú agbo ilé kan tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn. Mo ti lóyún oṣù mẹ́fà, aṣọ opó ló bò ó. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó fi nǹkan bo etí méjèèjì, tó na irin gígùn kan sí wa lókè orí. Wọ́n ní ohùn ló ń gbà. Mo sọ̀rọ̀, mo rẹ́rìn-ín, ó gbà á. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn.

Mo lọ bímọ sílé ìyá mi ní Fìdítì. Aládùúrà paraku ni ìyá mi. Nínú ìjọ wọn, ìyá ìkókó kì í yọjú síta kí ogójì ọjọ́ tó pé. Inú ogójì ọjọ́ yẹn ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ pé Ọ̀gá ti fẹ́ ẹlòmíràn. Inú bí mi, ó bí mi kọjá bó ṣe yẹ. Mo ní n kò padà sílé rẹ̀ mọ́, ojú mi kò sì ní rí fíìmù rẹ̀ títí n ó fi kú. Nígbà tí wọ́n gbé e wá sí Fìdítì, gbogbo àdúgbò lọ wò ó, èmi jókòó sílé, mò ń fún ọmọ lọ́mú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń kí mi lọ́jà pé ohùn mi wọ àwọn lára. Mo dúpẹ́, mo sì gbéra ga díẹ̀.

Nítorí náà, àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí n ó wò ó. Ọmọ mi fà mí jókòó, ó gbé fóònù lé itan mi. Mo rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Ìlọrà. Mo rí Ọ̀gá, tó ti kú. Mo rí ara mi, ọrùn mi gùn, ó ń dán, kò sí àpá kankan lára rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wo àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo la ẹnu.

Ohùn tó jáde kì í ṣe tèmi.

Ohùn nínípọn kan ni, ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà, ó sì ń sunkún. Bẹ́ẹ̀ ẹnu mi tí mo ń wò yìí, eyín mi wà níta, ẹ̀rín ni mo ń rín. Ojú ń rẹ́rìn-ín, ohùn ń sunkún. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ti wọ inú ara mi lọ, tó ń bá mi lò ó. Mo fẹ́ pariwo. Ẹ kúkú mọ̀ pé n kò ní ohun tí n ó fi pa á.

Ọmọ mi ti ń sunkún ayọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, “Màámi, ohùn yín rèé. Ohùn yín ni mò ń gbọ́ yìí.” Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọkàn mi ní kí n dákẹ́. Kí ló burú níbẹ̀? Ó ti rí ohun tó ń wá, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n n kò lè jókòó kí ọmọ mi máa sunkún ayọ̀ nítorí ohùn obìnrin mìíràn. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo ní, “Kì í ṣe èmi.” Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Wo ẹnu mi dáadáa.”

Ó wò ó. Ó pẹ́ tó fi wò ó. Ó wá dojú fóònù bolẹ̀ lórí èèpo ẹ̀gẹ́, kò bìkítà pé omi wà níbẹ̀. Ó ní, “Ta ni, nígbà náà?”

Mo mọ ohùn náà. Òun ló kọ́ mi lọ́rọ̀. Mo ní kó lọ pe ọlọ́kadà, à ń lọ sọ́dọ̀ ìyáálé mi ní Ìlọrà.

Láti ọjọ́ tí a ti sin Ọ̀gá, èmi àti ìyáálé mi kò tíì fojú kan ara wa. A bá a níwájú ilé, ó ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú àgbàdo, ọwọ́ ló sì fi ń mọ̀ ọ́n nítorí ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ mi ló fi dá mi mọ̀. Mo ní kí ọmọ mi gbé fóònù sí i létí. Kí ọ̀rọ̀ opó náà tó parí, Ìyá ti dá ọwọ́ dúró nínú àgbàdo.

Ó ní, “Èmi ni.”

Mo ní, “Ìyá, kí ni mo fi ṣe yín? Kí ló dé tí ẹ mú ohùn mi kúrò?”

Ó ní, “N kò mú un kúrò. Ẹ̀rọ ìlọta kan ló wà lẹ́yìn agbo ilé tí a ti ya fíìmù náà, ìwọ náà á rántí. Ariwo rẹ̀ ló bo gbogbo ohun tí ẹ sọ. Nígbà tí a dé Èkó, wọ́n ní kí kálukú wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ sínú ẹ̀rọ, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n sì fún wa. Ọ̀gá ránṣẹ́ sí ọ.”

Mo ní ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ sí mi.

“Ó rán èèyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ ní ogójì ọjọ́ kò tíì pé, ọmọ òun kò ní tìtorí eré ba májẹ̀mú jẹ́. Kò sọ fún ọ ni?”

Kò sọ fún mi. Ìyá tó bí mi gbé odidi ọdún mẹ́tàdínlógún sí i láyé lẹ́yìn ìyẹn, a jọ ń jẹun, ó rí i bí ohùn mi ṣe lọ, kò sọ ọ́ fún mi títí ó fi kú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọmọ mi ní, “Torí mi ni, àbí?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ìbá ti sọ fún mi, Ìyá.”

“Ìwọ ìbá ti wò ó.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. “Wọ́n ní ojú mi kò yẹ kámẹ́rà. Ipò tí mo dá, ojú rẹ ni wọ́n fi sí i, mo gbà. Wọn kò kọ orúkọ mi síbẹ̀, mo tún gbà. Ṣé o mọ̀ pé n kò gbọ́ ọ rí kí ẹ tó dé lónìí yìí? Gbogbo ibi tí a bá ti ṣí i, ẹnu ọ̀nà ni mò ń jókòó sí, mò ń gba tíkẹ́ẹ̀tì.” Ó na ọwọ́ sí ọmọ mi pé kó tún un ṣí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ohùn mi dára nígbà yẹn.”

Ó dára lóòótọ́. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n ó dára.

Ó ní, “Kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ ṣe é nìyẹn. Mo rí ẹnu rẹ tó ń rẹ́rìn-ín, mo sì rín in bí o ṣe máa ń rín in. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rín in. Ọ̀gá ní ẹ̀rín yẹn kò yẹ ohùn mi, kí n sunkún mi bí àtijọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ tìrẹ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dúró lẹ́yìn aṣọ tí mò ń gbọ́ ọ.”

Ó gbé àgbàdo kúrò lórí itan. Ó na ẹ̀yìn. Ó fa èémí kúkúrú kan sí imú kó tó sọ̀rọ̀, mo sì ti gbàgbé pé mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi rẹ́, ẹ̀yin lẹ wá ń lé mi jáde níbẹ̀?” Ohùn náà tín-ín-rín, ó mú, ó ń sáré díẹ̀ níparí. Ẹ̀rín tẹ̀lé e.

Èmi ni. Arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún jókòó síwájú mi, èmi ni mo sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀, láìyẹ̀. N kò mọ̀ pé mo ti dì mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọmọ mi kò wo Ìyá. Èmi ló ń wò. Ó ní, “Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?” Mo mi orí.

Ọmọ mi, tí òun náà ti ní ewú lórí, rìn lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyáálé mi. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fi ohùn yẹn bá mi pe orúkọ mi.”

Ìyá fa èémí kúkúrú náà sí imú, ó sì pè é.

Ọmọ mi dáhùn, ó ní, “Mà.” Èmi ló kọjú sí.